Awọ Tí Mi Ò Fi Òrí Pa

Bàbá mi, ọ̀gá tó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́,

Mo kí yín o. Ààfáà tó ń gbé ilé kejì ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò pẹ́ ní ilé kéwú kí ẹ tó fà mí jókòó ti awọ. Ó ti kọ́kọ́ bá mi jiyàn. Ó ní àdúà ló ń dé ọ̀dọ̀ òkú, pé lẹ́tà kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo ní kó máa kọ, bí a bá parí, a óò ṣe àdúà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ki gègé bọ inú tàdáwà.

Ẹ wo bí ilé ṣe rí. Ìyá Àwáwù ti wá bá yín níbẹ̀. Àìsàn ikọ́ tó gba ìlú lọ́dún kan ló mú un, ó sì ti kọ́kọ́ kó àwọn ọmọkùnrin mi lọ. Ọmọ mi obìnrin, Àwáwù, nìkan ló kù, ó sì wà nílé ọkọ ní Malété, níbi tí wọ́n ti ń gbin iṣu àti ọkà bàbà. Mi ò ní sunkún nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹkún ti tán lára mi, ó ti gbẹ bí awọ tí wọ́n gbàgbé sórí òrùlé.

Iṣẹ́ gàárì ti rọlẹ̀. Àwọn tó ń gun ẹṣin lọ sí ààfin lọ́jọ́ Ìtunú ṣì wà, ṣùgbọ́n gàárì tí ẹ rán fún àwọn bàbá wọn ni wọ́n ṣì ń gùn. Okùn kan kò já lára rẹ̀. Bàbá, kí lẹ fi rán an bẹ́ẹ̀? Ẹ ò fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wa. Ìbàdí mi ọ̀tún náà sì ti kọṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ lọ ra ọkà ní ọjà Ìpàtà, mo máa ń jókòó sinmi lójú ọ̀nà títí àwọn aláàárù á fi máa kí mi bíi pé ibẹ̀ ni mò ń gbé. Àwáwù wá ń ránṣẹ́ lemọ́lemọ́ pé kí n ti ìsọ̀ yín pa, kí n kó wá sọ́dọ̀ òun. Ìsọ̀ yín! Ibi tí mo ti mọ òórùn yín ju ojú yín lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra alùpùpù. Ẹ ò bá a láyé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, irú èyí tí àwọn akọ̀wé rélùwéè ń gùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan sí i láàárín, ó ń mu epo bẹntiróò, ó sì ń pariwo. Òyìnbó kan tó ń wọn ọ̀nà ló fẹ́ padà sílùú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ẹ lọ́wọ́ rẹ̀, torí kò lágbára. Ọ̀pọ̀ ni mo rà á. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ yè, bí ó bá dé òkè, á fi ẹsẹ̀ wa pẹ́dààlì ràn án lọ́wọ́. Èmi ò lè wa nǹkan kan. Òun ló gbọ́dọ̀ gbé mi fúnra rẹ̀. Ní Ọjà-Ọba, àwọn obìnrin tó ń ta iyọ̀ sọ mí di eré:

— Bàbá Àwáwù, ẹ fún ẹṣin yín ní ọkà jẹ, ebi ń pa á, ẹ gbọ́ bó ṣe ń húkọ́!

— Ó ti gbó ni. Òun àtẹni tó gùn ún, ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Òótọ́ ni.

Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni ọ̀já. Awọ ni! Láti ara ẹ́ńjìnnì, ọ̀já awọ kan gba inú òrùka irin kan, ó lọ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ká, òun ló ń fa gbogbo rẹ̀ lọ. Bí kò bá sí i, irin lásán ni. Òyìnbó kó gbogbo irin yẹn jọ, ó wá lọ gbára lé awọ. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Èyí tó wà lára rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Mo gé tuntun lára awọ màlúù, mo rán an bí ẹ ṣe kọ́ mi, abẹ́rẹ́ méjì, okùn kan. Mo wá ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe kí awọ kankan tó jáde ní ìsọ̀ yín: mo fi òrí pa á, mo tún un pa, títí ó fi ń dán bí ara ọmọ tuntun.

Mo gbéra lọ sí Malété. Ó ń lọ dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n òkè kan wà lẹ́yìn odò kí èèyàn tó dé Malété, ẹ mọ̀ ọ́n, ibi tí ẹ ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí ẹṣin yín lè mí. Mo dé ìdajì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pa á, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò yí. Mo wo ìsàlẹ̀. Òrùka irin ń yí, ọ̀já dúró. Ó ń yọ̀ nínú òrùka bí ẹja lọ́wọ́ ọmọdé, òórùn òrí jíjó gba gbogbo ibẹ̀ bíi pé ẹnìkan ń dín àkàrà. Àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ ló bá mi so alùpùpù náà mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ Malété, lẹ́yìn ìdí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mo jókòó bí ọba.

Àwáwù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín.

— Bàbá, bí ẹ bá ṣubú sínú odò yẹn ńkọ́? Ta ni yóò wá sọ fún mi?

— Mi ò ṣubú.

— Ó dáa. Ẹ tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá gun òkè yẹn tí ẹnikẹ́ni kò tì yín, tí ẹran kankan kò fà yín, mi ò ní sọ pé kí ẹ kó wá mọ́ láé. Ṣùgbọ́n bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá tún fà yín wọ ìlú yìí, ẹ ò padà sí Ìlọrin mọ́ nìyẹn. Ẹ ó máa bá wa jẹun níbí.

— Mo gbọ́.

— Ẹ búra.

Mo búra. Wàláhì ni mo fi búra, Bàbá. Ẹ mọ̀ pé n kì í fi í ṣeré.

Nígbà tí mo délé, mi ò fọwọ́ kan awọ. Ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ kọjú sí. Mo tú orí rẹ̀. Ẹ̀gbin dúdú ti dì sínú rẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Ọ̀bẹ tí a fi ń họ awọ ni mo fi họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ti wáyà gígùn bọ ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde, ohun tó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kún igbá. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ epo kí n tó bù ú fún un, torí ìdọ̀tí inú agolo ló ń dí i lọ́fun. Ó ń fa atẹ́gùn níbi kan tí kò yẹ kó ti máa fà á, mo gé awọ pẹlẹbẹ róbótó, mo fi dí i. Lẹ́yìn náà mo tú gbogbo irin tí kò ṣiṣẹ́ kúrò: irin tó bo ẹsẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ta síni lára, àpótí irin, fìtílà ńlá tí kò tàn. Èyí tí mo nílò nínú wọn, awọ ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ó fúyẹ́. Mo gbé e sókè tòun ti ìbàdí mi yìí.

Ọ̀já ló kù. Ọ̀rọ̀ yín wà létí mi, pé awọ tí kò mu òrí, òkú awọ ni. Gbogbo ayé mi ni mo fi gbà á. Mo gbé okùn ìdí gàárì kan tí ẹ rán sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé ọ̀já sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mò ń wò wọ́n. Okùn ń di ẹṣin níkùn. A ń fi òrí pa á kó má baà họ ẹṣin lára. Irin ò ní ara. Ohun tí irin ń fẹ́ ni kí ọ̀já bu òun jẹ, kó má sì fi òun sílẹ̀. Ohun tí àwa ń sá fún látọjọ́, òun gan-an ni irin ń wá. Ó pẹ́ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀. Ó dàbí ẹni pé mò ń bá yín jà nínú ìsọ̀ yín. Ṣé ẹ bínú? Tàbí ẹ̀yin ì bá ti rí i ṣáájú mi, kí ẹ sì máa pè mí ní olórí líle?

Mo gé òmíràn láti ẹ̀yìn màlúù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí awọ ti le. Mo so òkúta mọ́ ọn, mo fi kọ́ igi títí kò fi gùn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rí gbágungbàgun ni mo kọ sí irin. Mi ò fi òrí pa á. Mo lọ oje igi gbígbẹ kúnná, mo wọ́n ọn sí i lára kó lè di irin mú. Nígbà tí mo parí, mo nà án mọ́ itan mi, mo tẹ́tí, bí ẹ ti máa ń ṣe. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa ń gbọ́. Ẹ ò sọ fún mi rí. Ẹ kàn máa ń mi orí ni, tàbí kí ẹ jù ú padà sí mi lẹ́sẹ̀. Kí lẹ máa ń gbọ́, Bàbá? Èmi gbọ́ ìró awọ gbígbẹ, mo sì mi orí.

Lọ́jọ́ tí mo máa lọ, Ààfáà ló tì mí kí ẹ́ńjìnnì tó ta. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sí ọrùn, ó ń sáré, ó ń pariwo Bísímílláì, bàtà rẹ̀ kan kù sójú ọ̀nà. Ó ní kí n má fi èyí síbẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.

Mo rékọjá odò, òkè yọ. Bí mo ti ń wò ó, ìsọ̀ yín ni mò ń rí. Mò ń rí àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé, àwọn abẹ́rẹ́ tí ẹ gún mọ́ igi àjà, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ àgádágodo, eruku ń bò ó. Ohùn ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó ń mí bí arúgbó. Mo tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀, mò ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀, mo ní, gbé e, gbé e, gbé e. Mo gbọ́ tí ọ̀já ń ké lára irin, igbe gbígbẹ, igbe ohun tó ti di nǹkan mú. Kò yọ̀. Ó lọ́ra débi pé ewúrẹ́ kan tó ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ṣáájú mi dé òkè, ṣùgbọ́n èmi náà dé e. Mo ké Àlùhámúdù tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ náà fi sá.

Àwáwù ń bẹ iṣu ní àgbàlá. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó wo ẹ̀wù mi, kò sí ẹrẹ̀ lára rẹ̀.

— Ẹ ti borí, Bàbá. Ẹ kú ewu ọ̀nà.

Ó padà sídìí iṣu.

Ó mú àdéhùn ṣẹ. A jẹun, kò sọ pé kí n kó wá. A kírun, kò sọ ọ́. Mò ń dúró dè é, Bàbá. Mo ti múra èsì sílẹ̀. Ẹni tó ń fi ìránṣẹ́ dà mí láàmú látọjọ́ wá ń bomi fún mi mu bí àlejò. Ọkọ rẹ̀ bi mí léèrè òjò Ìlọrin. Kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe gun òkè. Ohun tí mo wá gbà ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún yín nígbà tí ìyá mi ṣaláìsí, tí ẹ lé gbogbo wa jáde ní ìsọ̀ kí ẹ lè ráyè ṣiṣẹ́? Ṣé ẹ ń retí kí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ni? Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ rí wa ni.

Nígbà tí mo fẹ́ padà, Àwáwù ló wá láti tì mí. Ó fọwọ́ kan irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn, ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù lé.

— Bàbá, ṣé ó lè gbé ẹni méjì?

— Ta ni ẹnì kejì?

— Èmi.

— Ẹsẹ̀ tìrẹ ṣì yè. O lè rìn wá nígbàkígbà.

— Mo ti rìn ín. Tí mo bá dé odò, màá rántí pé kò sí ìyá mi nílé yẹn mọ́, màá sì yí padà. Ẹ ò mọ̀. Bí wọ́n bá gbé mi, mi ò ní lè yí padà.

Lóòótọ́, mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ̀ kò tẹ ilé mi mọ́, mo sì rò pé inú ló ń bí i sí mi.

— Gùn ún, ká wò ó.

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ó di ẹ̀wù mi mú. Ọkọ rẹ̀ ló tì wá. Alùpùpù náà gbé wa kọjá ọgbà iṣu, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nígbà tó dé ibi tí ilẹ̀ gbé rọra ga, tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní òkè, ẹ́ńjìnnì kú. A dúró bẹ́ẹ̀, a fẹ́ ṣubú, a ò ṣubú.

— Bàbá, ẹ ti borí òkè, ẹ ò borí mi.

— O wúwo ni.

— Èmi? Ẹ̀yin lẹ jẹ gbogbo iṣu tán!

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni. Mo ti gbàgbé pé òun ló jogún rẹ̀. A jọ ti alùpùpù náà padà sí iwájú ilé, mi ò sì rántí ìbàdí kankan.

Nítorí náà iṣẹ́ ti padà dé ìsọ̀ yín. Alágbẹ̀dẹ ń rọ òrùka irin tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ fún mi. Ìrìn alùpùpù yóò lọ́ra, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Ọ̀já náà ní láti nípọn sí i, awọ méjì ni mò ń rán pọ̀ báyìí. Mò ń fi òwú kún ìjókòó ẹ̀yìn kí irin má baà gún Àwáwù. Ààfáà bi mí bóyá mo fẹ́ máa gbé èrò ni. Mo ní èrò kan ṣoṣo ni mo ní.

Lánàá mo ṣí yàrá ìyá Àwáwù. Mi ò ṣí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde níbẹ̀. Aláǹgbá ti sọ ọ́ di ilé. Mo gbálẹ̀, mo gbé ẹní rẹ̀ lọ sí oòrùn, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì tẹ́ ẹ padà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ wà nítòsí.