Orúkọ Tí A Kò Béèrè: Sí Ẹbí Dimasupil ní Manila

Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá,
Torino, Italy.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, ọdún 1997

Sí Màmá wa, Ìyáàfin Perpetua Dimasupil, àti ọmọ wọn, Amihan.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tí kò jẹ́ ká tètè mú kálàmù, ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yorùbá ní Torino fi ń kọ ìwé yìí sí yín lórí ikú ẹni tí í ṣe ọkọ fún Màmá, tí í ṣe bàbá fún Amihan, tí àwa náà sì ń pè ní bàbá. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti lọ. A mọ̀ pé nínú gbogbo ìkẹ́dùn tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, tiwa ló kẹ́yìn. Kì í ṣe pé a gbàgbé. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tó yẹ ká sọ, a kò sì mọ ibi tí a ó ti mú un.

Èdè tiwa la fi kọ ọ́. Ọlọ́ládé, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kàwé ní yunifásítì Padova, ni yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún yín. Bàbá ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ rojọ́ kọ́kọ́ rò ó ní èdè tó fi ń ronú, kó tó wá ògbufọ̀, nítorí ó rọrùn láti fi nǹkan pamọ́ sínú èdè àyálò. Ìwé tí a ń kọ yìí kì í ṣe èyí tó yẹ ká fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ ayé wọn jù wá lọ. Èyí tí àwa mọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ fún wa, nígbà tí a bá jọ ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, tàbí tí a jọ tò sórí ìlà ní questura, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá tí a ti ń gba ìwé ìgbélùú. A mọ̀ pé etí òkun ní Iloilo ni wọ́n bí wọn sí, pé òfin ni wọ́n kà ní Manila, pé wọ́n ṣojú orílẹ̀-èdè wọn fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ní Jakarta, ní Geneva àti ní Rome, kí wọ́n tó wá sí Torino láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní òfin tó de orílẹ̀-èdè kan mọ́ èkejì. Wọn kì í fọ́nnu rárá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rín sọ ni pé ní 1963, nígbà tí wọ́n ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ló ń ru bébà tẹ̀ lé ọ̀gá wọn kiri ní Vienna, níbi àpérò tí wọ́n ti kọ òfin àwọn kọ́ńsúlù, àwọn aṣojú ìjọba tó ń bójú tó èèyàn wọn nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ní nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbà amòfin kọ síbẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló wọ àwọn lọ́kàn jù: pé bí wọ́n bá mú àjèjì sí àtìmọ́lé nílẹ̀ onílẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n fi tó àwọn èèyàn rẹ̀ létí. Wọ́n ní àwọn kò tilẹ̀ fi mọ sórí àtìmọ́lé, pé kò sí wàhálà tó yẹ kó bá àjèjì tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò ní gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ní 1991 ni Bàbá wọ ṣọ́ọ̀bù Àyọ̀kẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ wa, nítòsí ọjà Porta Palazzo, wọ́n wá ra ìrẹsì. Ṣìkẹ́mi, ọ̀kan nínú wa, ń sunkún níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ jòjòló lẹ́yìn. Ní questura, wọ́n ti gbé orúkọ bàbá rẹ̀ sí ààyè orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé ìgbélùú, ilé ìjọba ìbílẹ̀ sì kọ̀ láti forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ nítorí pé ìwé méjèèjì kò bára mu. Bàbá gbé ìrẹsì wọn kalẹ̀, wọ́n ní kó ká lọ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n bá a lọ. Ọmọ náà, Victory, ti wọ ilé ìwé báyìí, orúkọ rẹ̀ sì pé.

Ní ìgbà ẹ̀rùn 1994, àwọn èèyàn wa tó lọ já èso píìṣì ní Saluzzo ń sùn sábẹ́ tapólì lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, láìní ìwé àdéhùn iṣẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ kò sí bí wọ́n ṣe lè tún permesso, ìwé ìgbélùú wọn, ṣe láìsí àdéhùn náà. Bàbá wọ kóòtù, wọ́n so táì nínú oòrùn oṣù kẹjọ, wọ́n ń lọ láti oko dé oko. Nàfíù, tó tẹ̀ lé wọn, ṣì ń sọ ọ́ pé àgbẹ̀ kan sáré wọlé lọ wọ bàtà, ó rò pé mínísítà ló dé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àgbẹ̀ mẹ́ta ti fọwọ́ sí ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní ká ra ìwé ńlá kan. Wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lákọsílẹ̀, òfin kò rí i. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ orúkọ wa síbẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, àwa ọgọ́rin ènìyàn ó lé mẹ́fà, tàmì tàmì. Wọ́n á ní ká pè é lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi àmì sí i. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè tiwọn.

Màmá, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ ṣòro. Ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ. Bàbá Lọ́yà là ń pè wọ́n, láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí di ọjọ́ tí wọ́n fi lọ. Ẹni tó bá wò wọ́n lójú, tó ní, "Kí lorúkọ yín?" ìwọ̀sí ni à bá kà á sí. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ náà wà nínú ìwé kan tàbí òmíràn tó kọjá lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ojú wa kò dúró lé e. Ọdún mẹ́fà la fi jẹun nílé wọn, tí a kò mọ orúkọ wọn. Ọ̀wọ̀ là ń pè é.

A sì mọ̀ pé ẹ ti ń retí wọn láti ìgbà Kérésìmesì. Àwa la dá wọn dúró. Boaz, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ awọ lẹ́bàá Vicenza, ní ẹjọ́ ní Padova lórí ìwé ìgbélùú rẹ̀, a sì bẹ Bàbá pé kí wọ́n bá a yanjú rẹ̀ ná. Wọ́n sún tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú wọn síwájú nítorí tiwa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Padova. Ibùdókọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí. Boaz dúró títí ní ilé ẹjọ́, kò rí wọn, ó rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló tún daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn bá káàdì kan nínú àpò Bàbá. Nọ́ńbà tẹlifóònù ẹgbẹ́ wa ló wà lára rẹ̀, Bàbá sì ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní èdè Italy pé: ẹbí mi ní Torino.

Títí dé ibí yìí, "àwa" ni mo ń kọ. Ó tó kí n sọ "èmi" báyìí. Ṣọ́ọ̀bù Àyọ̀kẹ́ ni tẹlifóònù ẹgbẹ́ wà, èmi Ọládùnjoyè, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni mo sì gbé e ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ signor Leoncio Dimasupil? Ó wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ó ní ẹ̀yin ni ẹbí òun."

Mo ní, "Rárá, signora. A ò lẹ́nì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó rọra tún un sọ, ó sì ka lẹ́tà orúkọ náà fún mi níkọ̀ọ̀kan. Mo ṣí ìwé ńlá yẹn, ìwé tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn kọ, mo fi ìka wá a láti òkè délẹ̀. Mo sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀. N kò bi í pé irú èèyàn wo ni. N kò bi í pé ibo ló ti ń pè. Àwọn tó máa ń pè wá béèrè orúkọ, ọlọ́pàá ló pọ̀ jù nínú wọn, inú mi tilẹ̀ dùn pé mo tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà sídìí tíì mi.

Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni Boaz pè wá pé òun kò rí Bàbá. Àwọn kan nínú wa lọ kanlẹ̀kùn ilé wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo ìjọ dìde, a gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú Bàbá Lọ́yà dé láyọ̀. Òwúrọ̀ yẹn náà ni wọ́n kú, láìsí ẹnì kankan nínú wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àyọ̀kẹ́ rí fọ́tò wọn lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará Philippines ń lò. Fọ́tò ló mọ̀. Nígbà tó ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún mi lórí tẹlifóònù, mo mọ̀ pé orúkọ tí obìnrin yẹn kà fún mi ní Ọjọ́bọ̀ ni.

Amihan, lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. O ní nọ́ọ̀sì kan ní Padova sọ pé òun pe nọ́ńbà kan ní Torino, pé wọ́n ní àwọn kò mọ bàbá rẹ, pé ilé ìwòsàn kò gbà á gbọ́, àti pé o fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìpàdé méjì la ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan nínú wa ní ká kàn kọ ìkẹ́dùn lásán, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àwa la gbé tẹlifóònù náà. Olújùwọ́n, alága wa, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, ó wá ní, "Bàbá kò lè bá wa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ má ṣe fi ẹjọ́ obìnrin yẹn sùn. Ó pè. Ohun tí bàbá rẹ gbà pé ó jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo àjèjì gan-an ló ṣe: ó fi tó àwọn èèyàn wọn létí. Àwa èèyàn wọn la sọ pé a kò mọ̀ wọ́n. Mo ti lọ sí Padova, mo ti kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀ níwájú lọ́yà, mo sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan wà nínú àpòòwé yìí, òmíràn ti dé ọwọ́ ilé ìwòsàn. N kò ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣe é bó bá ṣe rí lọ́kàn yín.

Mojísọ́lá, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ti di aṣọ àti ìwé wọn sínú àpótí fún yín, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ní ogójì ọjọ́ wọn, nígbà tí àwọn ará ìlú yín níbí bá ń ṣe ìsìn ìrántí, gbogbo wa la máa wà níbẹ̀. Ní ìpàdé wa ní Àbámẹ́ta tó kọjá, a kọ orúkọ wọn sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, a sì ní kí olúkúlùkù pè é sókè. Kò rọrùn. Àwọn obìnrin kan ní láti kúnlẹ̀ kó tó lè jáde lẹ́nu wọn.

Kí Ọlọ́run, tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ orúkọ wa fún un kó tó mọ̀ wá, wá dúró tì yín, Màmá, ní gbogbo ibi tí àwa kò ti dúró ti ọkọ yín. Kó nu omijé yín, kó sì má jẹ́ kí ilé yín dahoro. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ ti pẹ́ jù.

Leoncio Dimasupil. Bẹ́ẹ̀ ni, signora. A mọ̀ wọ́n. Ẹbí wa ni wọ́n. À ń bọ̀ wá.

Ọládùnjoyè, akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.