Ebè Tí A Kọ Sóko Ẹlòmíràn

                                                  Agbolé Alágbẹ̀dẹ,
                                                  Ẹ̀bá Ọ̀nà Bassila,
                                                  Manigri.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Abdulbaqi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Parakou? Haniyyah aya rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Iṣẹ́ aṣọ rírán ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọwọ́ rẹ ti rọ̀ bí òwú látìgbà tí o ti ju ọkọ́ sílẹ̀. Má bínú, Kabirou ló sọ ọ́, èmi kàn rẹ́rìn-ín ni. Ara gbogbo wa le nílé. Iṣu ta dáadáa, òjò sì ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lórí òkè.

Mo pè ọ́ títí, fóònù rẹ kò wọlé. Nouratou tó ń kó iṣu bọ̀ ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ.

O mọ̀ pé Baba Rissikatou ti gbà kí n wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún wọn, kí wọ́n tó fún mi ní ọmọ wọn. Sátidé tó kọjá la dá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí oko tuntun lẹ́sẹ̀ òkè, wọ́n sì júwe rẹ̀ fún mi: kí n kọjá odò, oko tí igi kajú wà lẹ́nu rẹ̀ ni. Abdulbaqi, oko wo ni kò ní igi kajú lẹ́nu ní Manigri? Kabirou ní ká bi àwọn obìnrin tó ń pọnmi. Mo ní ọkùnrin tó ń lọ sóko àna rẹ̀ kì í béèrè ọ̀nà.

Èmi, Kabirou àti àwọn ẹgbẹ́ wa bọ́ sóko kan, a kọ ebè ràbàtà ràbàtà. Oòrùn dé àtàrí, a kò rí iyán. Kabirou ń kùn pé irú àna wo ló ń fi ebi pa ọkọ ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ni Baba Faïzatou yọ, tàwọn ti ọkọ́ léjìká. Wọ́n wo ebè, wọ́n wò wá, wọ́n tún wo ebè.

"Ta ló rán yín sí mi, ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́run?"

Baba Faïzatou! Àwọn tí kì í kí Baba Rissikatou mọ́ látìgbà tí ewúrẹ́ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn! Mi ò ṣìnà o, kó yé ọ. Àwọn oko náà ló jọra jù.

Nígbà tí mo fi dé oko àna mi, iyán ti tutù nínú igbá. Baba Rissikatou ní, "Ẹni tí kò mọ ọ̀nà oko mi, ṣé yóò mọ ọ̀nà ilé mi?" Gbogbo àwọn tó jókòó tì wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá fúnra wọn kò rẹ́rìn-ín.

Ojú ti Baba Faïzatou láti jẹ iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn yóò kó àwọn ọmọ àwọn wá kọ ebè sóko Baba Rissikatou dípò. Baba Rissikatou ní kí n bá àwọn kí wọn, kí n sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí yóò gba ọmọ àwọn ni kó kọ ebè àwọn. Sátidé tó ń bọ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá fi le kí n tó ṣe é, kí n lọ wá ìyàwó níbòmíràn.

Kabirou ní ìbàdí ń dun òun. Àwọn yòókù ń sá bí wọ́n bá rí mi. Ìwọ ló kù. Mi ò bẹ̀ ọ́, mo ń sọ fún ọ ni: wá. Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ tìrẹ, ibà ń ṣe mí, síbẹ̀ èmi ni mo ṣíwájú. Bí ọkọ́ rẹ bá ti dógùn-ún, ilé alágbẹ̀dẹ ni mò ń gbé.

Bá mi kí Haniyyah, kó yá mi ní ọkọ rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Fi ẹnu kò ọmọ lẹ́nu fún mi.

Má sì bẹ̀rù ọ̀nà. Rissikatou ti so ìborùn pupa rẹ̀ mọ́ igi kajú tó wà lẹ́nu oko bàbá rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò ní béèrè ọ̀nà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ṣìnà rí,

Idrissou