Akàn Tó Wọ Sílípáàsì

Ọjọ́ Ajé, 9 Ṣẹ́rẹ́ 1989
Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Mo lọ sí ojúbọ Bàbá Àgbà ìlú, níbi tí àwọn ẹ̀mí tó ń ṣọ́ ìlú wa ń gbé. Mi ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkan mìíràn ṣe. Mo tan tùràrí mẹ́ta, mo jẹ́jẹ̀ẹ́: bí Bàbá bá padà wálé, màá gbé sinimá wá fún àwọn ẹ̀mí náà wò. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe níbí náà nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 19 Ṣẹ́rẹ́
Bàbá ti padà wálé. Ihò lọ́rùn. Kò sí ohùn mọ́, títí láé.
Mo gbàgbé láti béèrè ohùn. Ọdún mẹ́ta ni mo lò ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, wọ́n sì kọ́ wa pé ká ka fọ́ọ̀mù dáadáa ká tó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Ṣẹ́rẹ́
Ilé dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọńlé lára ògiri.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Ṣẹ́rẹ́
Ẹ̀gbọ́n Samruai wá. Òun ló ń yí ẹ̀rọ sinimá alárìnkiri fún Bàbá láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.
Ó ní, "Lamduan, o ò ní tètè san ẹ̀jẹ́ yẹn ni? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá gba nǹkan wọn padà ni?"
Mo ní fíìmù wo. Bàbá fa síléètì yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà: AKÀN.
Mo bojú.
Fíìmù yẹn! Akàn oko ìrẹsì kan tó tóbi ju ilé lọ. Agboòrùn àti ike ìwẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ — àti ẹsẹ̀ èèyàn méjì, tó wọ sílípáàsì. Ní róòlù kejì ó ṣubú sẹ́yìn igi, àwọn ọlọ́pàá sì ń yìnbọn lọ síbi tí kò sí. Mo ti fi í ṣẹ̀sín nínú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo kọ ọ́ pé sílípáàsì yẹn nìkan ló mọ eré ṣe.
Kò ní ohùn. Fíìmù ayé ìgbà yẹn kì í ní. Bàbá ló máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á sọ ti ọlọ́pàá, á sọ ti baálẹ̀, á ké bí akàn. Ẹnu Méje ni wọ́n ń kọ sí ara pátákó rẹ̀.
Á sọ ti ọmọbìnrin tí akàn gbé mì náà. Ìyá mi ló ṣe ọmọbìnrin yẹn. Wanpen. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni mí nígbà tó kú. Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tí Bàbá máa ń fún ọ̀fun pọ̀ sọ.
Èèyàn méjì ni wọ́n gé ohùn wọn lórí ibùsùn kan.

Ọjọ́rú, 25 Ṣẹ́rẹ́
Samruai tún sọ ìtàn bí Bàbá àti Ìyá ṣe pàdé. Bàbá ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Wanpen nínú fíìmù fún oṣù méjì kí wọ́n tó fojú kanra. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan yọ lẹ́yìn ọkọ̀ wọn: "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá yìí, ta ló ní kí ẹ fún mi ní ohùn ewúrẹ́?"
Bàbá rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, láti inú ihò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Ṣẹ́rẹ́
Èmi ni màá sọ ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà. Kò sí ẹlòmíì. Mo fún ọ̀fun pọ̀, mo ṣe Wanpen. Samruai ní, "Háà! Ẹnu Méje gan-an nìyí!" Bàbá dìde, ó lọ bomi rin ata.
Inú ń bí i ni? Mi ò mọ̀. Kò lè sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Èrèlé
Wọ́n so aṣọ sinimá kọ́ níwájú ojúbọ nírọ̀lẹ́. Ìlà àga iwájú ṣófo, ti àwọn ẹ̀mí ojúbọ ni. Bàbá jókòó tì mí. Lẹ́yìn: àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n wá rín. Èmi ni mo pè wọ́n.
Akàn yọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá bó ṣe máa ń sọ ọ́: "Yéè! Ìbẹ́pẹ tútù mélòó la máa gún mọ́ akàn yìí ká tó lè jẹ ẹ́ tán?" Wọ́n ń yí lulẹ̀. "Ẹ wo sílípáàsì! Ẹ wo sílípáàsì!"
Róòlù kẹta. Ìyá mi nínú oko, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo fún ọ̀fun pọ̀: "Ẹ gbà mí o!" Ẹ̀rín bolẹ̀.
Bàbá fi ife lu tábìlì. Ó ti síléètì sábẹ́ ojú mi:
MÁ ṢE BÍ ÈMI. SỌ̀RỌ̀ BÍ O ṢE Ń SỌ̀RỌ̀. BẸ́Ẹ̀ NI OHÙN RẸ̀ RÍ.
Akàn ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo la ẹnu, ohùn mi lásán jáde. Mo ní, "Ẹ má bínú. Ilé ni mò ń bọ̀. Akàn yìí ló dá mi dúró."
Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́. Samruai gbàgbé róòlù tó kàn. Aṣọ funfun lásán la ń wò.
Mi ò wo ojú Bàbá.

Ọjọ́rú, 8 Èrèlé
Jẹjẹrẹ náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró Bàbá. Dókítà ní kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9 Èrèlé
Bàbá kọ ọ́ sórí síléètì pé kí n máa ka ìwé ìròyìn fún òun láràárọ̀. Mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó júwọ́: máa kà á lọ. Mo ka bí òjò ṣe pọ̀ tó lọ́dún tó kọjá. Mo ka ìpolówó táyà. Ó di ojú, ohùn náà ló ń gbọ́.
Láyé rẹ̀, Bàbá ò fẹ́ràn ìwé ìròyìn rí.