Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Tọ́ Ọkọ̀ Mẹ́ta Wò

                                                  Ilé Búrẹ́dì,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé-ìwòsàn.
                                                  Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta.

Aránṣọ, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sọ èyí síwájú kí ìwọ náà má baà bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ara? Ṣé orúnkún òsì yẹn ti gbọ́ oògùn, àbí ó ṣì ń sọ fún ọ pé òjò ń bọ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú? Ara tèmi le. Eyín méje tó kù sí mi lẹ́nu, kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnìkan. Bí àmì kan bá ṣubú níbì kan, ìwọ gbé e dìde.

Ọkọ̀ tí mo fi ń gbé búrẹ́dì kú lóṣù tó kọjá. Ojú ọ̀nà ilé-ìwòsàn ló kú sí, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ àwọn aláìsàn nínú rẹ̀. Kí n tó délé, àkọ́bí mi, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ti jókòó sórí àga mi. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n kó kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì lé òun lọ́wọ́, kí n lọ sinmi. Mo ní ilẹ̀ tí wọ́n máa sin mí sí ò ní sá lọ, ibẹ̀ ni n ó ti sinmi. A fà á títí, a wá fẹnu kò: èmi ni n ó yan ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n bí búrẹ́dì ilé-ìwòsàn bá kọjá aago méje àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ di tirẹ̀.

Ni ìmọ̀ràn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Mẹkáníìkì ní dísẹ́ẹ̀lì ni, pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, ó sì ń pẹ́ láyé. Ọkọ ọmọ mi obìnrin ní pẹtiróòlù ni, pé kò síbi tí wọn ò ti ń tà á. Àkọ́bí mi ní gáàsì ni, pé owó rẹ̀ kéré, kò sì ní èéfín. Mo bi í bóyá orí sílíńdà ló fẹ́ kí n máa jókòó lé lọ́jọ́ orí mi yìí.

Mo gbọ́ ti gbogbo wọn, mi ò gba tẹnìkan. Láti àádọ́ta ọdún tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì, ẹnu mi ò tíì purọ́ fún mi rí. Mo ní kí wọ́n yá ọkọ̀ mẹ́ta wá, kí epo tí ọ̀kan ń jẹ yàtọ̀ sí ti èkejì. Mo kó búrẹ́dì gbígbóná sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ mi tí a ń pè ní Rọra wà wọ́n yí àdúgbò po, ó sì gé búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan wá fún mi. Gèlè ni mo fi di ojú ara mi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣojúsàájú.

Àkọ́kọ́ ń rùn bí àtùpà tí òwú rẹ̀ jóná. Mo ní gáàsì nìyẹn, kí wọ́n gbé e kúrò níwájú mi. Ìkejì dára díẹ̀, àmọ́ ó ń rùn bí ọwọ́ mẹkáníìkì. Ìkẹta, Aránṣọ, búrẹ́dì lásán ni, bí ẹni pé inú ààrò ló ti rìn wá sí ẹnu mi. Mo lu tábìlì, mo ní, “Akọ nìyí. Dísẹ́ẹ̀lì ni, mo sì ti yàn án.”

Nígbà tí mo tú gèlè, Rọra ń wo bàtà ara rẹ̀. Àkọ́bí mi ló dáhùn, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin: “Ìyá mi, gáàsì lẹ jẹ yẹn o.”

Máa rẹ́rìn-ín, mo ń gbọ́ ọ láti ibí.

Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè fi ìdúró rí i. Èmi ò tilẹ̀ jókòó. Lọ́jọ́ kejì mo mú ọ̀pá mi, mo lọ wádìí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bèèrè: níbo ni wọ́n ti ń ta gáàsì ọkọ̀? Ibì kan ṣoṣo ni, lẹ́yìn afárá, ìlà ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ sì gùn ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ rẹ lọ. Ọkùnrin tó ń rọ gáàsì níbẹ̀ sọ fún mi pé wọ́n lè de sílíńdà mọ́ ọkọ̀ pẹtiróòlù, kó máa jẹ méjèèjì. Bí gáàsì bá tán, bọ́tìnnì kan lèèyàn á tẹ̀, pẹtiróòlù á gbà á. Èyí ni mo rà. Kì í ṣe ti àkọ́bí mi, kì í ṣe ti ọkọ ọmọ mi, tèmi ni. Ọkùnrin yẹn ò sì gbà mí nímọ̀ràn o, ìbéèrè ni mo bi í.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gáàsì tán mọ́ èmi àti Rọra lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Rọra tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Èmi ni mo ti sọ pé kó má rọ pẹtiróòlù sínú táǹkì, kí búrẹ́dì mi má baà rùn. Inú kẹ́ẹ̀gì tí a so mọ́ òrùlé ọkọ̀ lepo wà. Rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní, “Màmá, àrọ tí a máa fi rọ ọ́ dà?” Mo la ẹnu láti sọ pé ó wà lábẹ́ àga, ni mo rántí ẹni tó yá a lọ́wọ́ mi.

Mo fa búrẹ́dì gígùn kan yọ. Mo gé orí rẹ̀, mo gé ìdí rẹ̀, mo fi ọ̀pá mi gbẹ́ inú rẹ̀ jáde. Rọra di èèpo rẹ̀ mú sẹ́nu táǹkì, mo da epo sí i. Ó jò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọlé. Aago méje ku ìṣẹ́jú méjì la dé ilé-ìwòsàn.

Àkọ́bí mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago. Olórí ilé ìdáná ka búrẹ́dì, ó jẹ́ mọ́kàndínlógójì dípò ogójì. Àkọ́bí mi bi mí pé ọ̀kan yòókù dà. Mo ní ọkọ̀ ló jẹ ẹ́. Ó wo ọ̀pá mi tí èérún búrẹ́dì lẹ̀ mọ́, ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi, ṣé ẹ ò ní àrọ ni?”

Mo ní mo ní àrọ.

Ọ̀sẹ̀ náà ti pé, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Bá mi kí àwọn ọmọ-ọmọ àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Kí ọkọ rẹ náà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dáhùn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yí padà,
Ìyá Oníbúrẹ́dì.

O ní ọjọ́ kan péré lo fẹ́ lo àrọ mi, láti fi rọ epo sínú àtùpà. Ó di ọdún mọ́kànlá. Dá a padà.