Ìjókòó Rẹ Lẹ́bàá Omi Ẹ̀fọ́

Ọdún kẹta rèé, Ìyá Wọn, tí o ti fi èmi àti omi sílẹ̀.

O mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó mọ̀rọ̀ sọ. Ìwọ lo máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí èmi á kàn máa mi orí lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ní èmi ni kí n kọ ìwé ìrántí rẹ tọdún yìí, nítorí èmi àti ìwọ la jọ wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀fọ́ orí omi yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àgbà ọmọ wa ti di nọ́ọ̀sì. Àbúrò rẹ̀ ti jáde ilé ìwé, ó ti ga jù mí lọ, ó ń tún mọ́tò ṣe. Yàrá ẹ̀yìn tí ò ń sọ pé ògiri rẹ̀ ń họ ọ́ lẹ́yìn, a ti rẹ́ ẹ, a ti kùn ún. Ó dára gan-an. Èmi nìkan ni mò ń sùn níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò kú. Ọpọ́n gígùn tí a fi pákó kàn, tí a tẹ́ ọ̀rá sí nínú, kò tíì jò. Àwọn fóòmù pẹlẹbẹ wa ṣì léfòó lórí omi rẹ̀, ẹ̀fọ́ dúró nínú ihò wọn, gbòǹgbò funfun rọ̀ sínú omi lábẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ṣì ń hó gbùdùgbùdù. Nígbà mìíràn, òun nìkan ni mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

O rántí bí a ṣe ń ṣe é. Ìwọ lórí àpótí ní ìpẹ̀kun kan, tí ò ń gbin ọmọ ẹ̀fọ́ sínú ihò. Èmi ní ìpẹ̀kun kejì, tí mò ń kórè. Bí o bá ti gbin fóòmù kan kún, wàá gbé e lé omi, wàá tì í. Gbogbo ìyókù á sún, èyí tó ti gbó á wá kàn mí lọ́wọ́. Bí o bá ń bínú sí mi, ara bí o ṣe tì í ni mo ti máa ń mọ̀.

N kò gbàgbé ìyà kankan. Ọdún tí ìjì ya ọ̀rá òrùlé, tí a fi aṣọ ìbora àwọn ọmọ dí i. Ọjọ́ tí iná lọ, tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí a mú abọ́, tí à ń bu omi, tí à ń dà á padà láti òkè kí gbòǹgbò lè rí afẹ́fẹ́ mí. Apá rẹ wú. O ní, "Ọ̀gá Omi, ṣé àwa là ń jẹ ẹ̀fọ́ ni, àbí ẹ̀fọ́ ló ń jẹ wá?" Mo rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí o lọ, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní jókòó lórí àpótí rẹ. Èmi ni mò ń gbìn, èmi ni mò ń tì í, èmi náà ni mò ń rìn lọ sí ìpẹ̀kun kejì lọ gbà á lọ́wọ́ ara mi. Ìka mi ti ki jù. Ọmọ ẹ̀fọ́ tí o máa ń mú bí ẹni mú òwú, èmi ń kán an lọ́rùn. Ihò tó ṣófo, n kò rántí dí i. Oòrùn gba ibẹ̀ wọlé, omi di aláwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Alásè tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ̀fọ́ yín ń rù. Ẹ̀yin náà ń jẹun ṣá?"

Ọmọ wa nọ́ọ̀sì kò fi ṣeré. Ó ní, "Bàámi, ẹ gba ẹnì kan, àbí ká gbọ́n omi yẹn dànù, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Màámi ò sọ pé kẹ́ ẹ kú sídìí ẹ̀." Mò ń ro ọpọ́n tó gbẹ, mi ò sì mọ ibi tí n óò máa yíjú sí mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo gba aránṣọ àdúgbò wa síṣẹ́, tí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́. Ó bi mí pé, "Bàbá, ibo ni kí n jókòó?" Mo fi apá aṣọ mi nu àpótí náà. Mo ní, "Níbẹ̀."

Omi ti mọ́. Ẹ̀fọ́ ti ń tóbi. Alásè ti panu mọ́. N kò ní í kó lọ síbì kankan.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù látìgbà yìí wá ni pé bí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀, n óò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé rẹ díẹ̀díẹ̀. Ó ti jókòó báyìí, Ìyá Wọn. N kò gbàgbé. Àárò rẹ kò fi ìka kan dín. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ, bí n kò tilẹ̀ sọ ọ́ tó nígbà tí o wà níbí tí o lè gbọ́.

Ọkọ rẹ.