Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Sọ Mọrẹ́nikẹ́ Kalẹ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kí Bùrọ̀dá Ráṣíìdì ẹ̀gbọ́n mi, mo kí gbogbo agboolé. Kí Bùrọ̀dá jọ̀ọ́ ka lẹ́tà yìí sókè, kí wọ́n má fo ìlà kankan.

Òjò ò dáwọ́ dúró ní Ajah. Mo ṣì ń ṣọ́ ilé ọ̀gá mi ní VGC, níbi tí nẹ́ẹ̀tì wà lójú gbogbo fèrèsé, tí wọ́n ń fín oògùn ẹ̀fọn káàkiri. Yàrá wa ti wá tóbi jù fún mi. Láti ìgbà tí Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ wa ti kú lọ́dọ̀ yín, Ṣadé ìyàwó mi ti kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Addo. Ó ní ẹ̀yin lẹ pa á.

Ibà dá èmi náà dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Nígbà tí mo wà nílé lọ́dọ̀ yín, bó bá mú mi láàárọ̀, mo ti dé oko lọ́sàn-án. Lọ́tẹ̀ yìí, gbígbé ni wọ́n gbé mi dé ọsibítù. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T lorúkọ wọn. Bí kòkòrò ibà bá ń wọlé léraléra, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a jà, àwọn kan á sì máa rántí rẹ̀. Béèyàn bá pẹ́ níbi tí ẹ̀fọn ò ti jẹ ẹ́, agbára wọn á dín kù. Mo bi í nípa ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n bí síbí, tí ibà ò mú rí. Ó ní tirẹ̀ ò tíì kọ́ nǹkan kan. Mo sunkún níwájú dókítà náà.

Ibà ń pa ọmọ lágboolé wa, Màámi. Àwa tó ṣẹ́kù là ń pè é ní ibà lásán.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ tí ara Mọrẹ́nikẹ́ kọ́kọ́ gbóná, Màámi pè mí. Wọ́n ti pọ̀n ọ́n, ọ̀kadà ti dúró, ọsibítù ni wọ́n ń lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, pé ó máa mọ́ ọn lára bó ṣe mọ́ wa lára. Wọ́n tún pè lọ́jọ́ kejì, mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti di òyìnbó. Lọ́jọ́ fìdáù, ẹ ń bú wọn pé àgbo ni wọ́n gbójú lé. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lanu. Wọn ò tú mi fó títí dòní.

Mo ti sọ fún Ṣadé. Ó ṣì wà ní Addo.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, Màámi, kó nu omijé yín nù. Mo kí gbogbo ilé. Bùrọ̀dá, ẹ kó àwọn ọmọ yín tí ẹ gbà lọ́wọ́ Màámi padà sọ́dọ̀ wọn. Bí ara ọ̀kan bá gbóná, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n má kọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Sùlé, ọmọ yín.