Orin Bach Nínú Ilé Ọ̀fọ̀

Àtàláátà, 4 Máàṣì 2025
Ìdánrawò àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Dábínù díẹ̀, omi, mo sáré jáde. Èmi nìkan ni Mùsùlùmí nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní Gesundbrunnen, ní Berlin. Dókítà ló ní kí n máa kọrin lẹ́yìn tí Corona ba èémí mi jẹ́. Mo rò pé orin kéékèèké la ó máa kọ. Ní báyìí, Amelie ọ̀gá wa ti gbé orin Bach kan lé wa lọ́wọ́, èyí tó gùn gbọọrọ, tó ń sọ ìtàn ikú Jésù títí dé sàréè. Hamburg la ó ti kọ ọ́, lọ́jọ́ Karfreitag, Jímọ̀ tí wọ́n fi ń rántí ikú rẹ̀.

Àwa Mùsùlùmí gbà pé wọn kò pa Jésù, Ànábì Ísà. Mo ṣì ń rò ó bóyá màá kọ ọ́.

Sátidé, 8 Máàṣì
Dákẹ́ ti dé láti Hamburg. Ọkọ mi ni, Bádárù. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Dákẹ́, láti oṣù tó kọjá. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Hafen, èbúté ọkọ̀ òkun, ló ń ṣiṣẹ́ sí, ó ń de kọntéénà mọ́ ọkọ̀ òkun. Òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé.

Oṣù tó kọjá ni Ìyá rẹ̀ kú ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n kú láàárọ̀, wọ́n sin wọ́n lọ́sàn-án, bí ẹ̀sìn ti wí. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó lè bá a dé ibẹ̀. Orí iṣẹ́ ni wọ́n pè é sí. Ó ṣe iṣẹ́ náà parí. Láti ìgbà náà, kò tíì sọ nǹkan kan nípa Ìyá. Bí Mùyídéènì àbúrò rẹ̀ bá pè, èmi ló máa ń gbé fóònù fún.

Lónìí mò ń gé àlùbọ́sà, mò ń kọ apá tèmi jẹ́jẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní, "Ìyá Fàthíà, jọ̀ọ́, má kọ ọ́ nínú ilé." Ó jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Inú àwẹ̀ la sì wà.

Àláàdì, 9 Máàṣì
Mo bi Fàthíà ọmọ wa. "Papa hat recht, Mama." Bàbá òun jàre. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan: "Oder auch nicht." Tàbí kó má jàre. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìmọ̀ràn rẹ̀ kò sì wúlò.

Àtàláátà, 11 Máàṣì
Ìtàn ni Amelie fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má gbàgbé.

Torí ìsìn ni Bach ṣe kọ orin yìí, ní Leipzig. Kò sẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n jókòó sínú òtútù, wọ́n gbọ́ apá kìíní, pásítọ̀ wàásù, wọ́n gbọ́ apá kejì, wọ́n lọ sílé. Bach kú. Irú orin mìíràn ló wá gbòde. Tirẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ bí ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó tún un gbé jáde, níhìn-ín ní Berlin, ọmọ ogún ọdún péré ni — Mendelssohn, ọmọ bíbí Hamburg. Ọ̀mọ̀wé Júù ni bàbá bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ. Inú gbọ̀ngàn ló ti darí orin náà, kì í ṣe inú ìsìn. Ó gé e kúrú. Àwọn sàràkí ìlú sanwó wọlé. Ohun tí wọ́n fi ń sin Ọlọ́run di ohun tí wọ́n ń wọṣọ ńlá lọ gbọ́.

Ezra dá sí i. Ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin ló ń kọ, Júù ni, dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní nígbà ìjọba Hitler, wọ́n fòfin de orin Mendelssohn. Wọ́n ṣì ń kọ ti Bach. "Ohun tó gbé jáde ni wọ́n ń kọ. Tirẹ̀ ni wọ́n jù nù." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Lẹ́yìn náà la dé ibi tí ọ̀pọ̀ èrò Júù ti ń pariwo pé kí ẹ̀jẹ̀ Jésù wá sórí àwọn àti àwọn ọmọ àwọn. Mo ṣèèṣì wo Ezra. Ìwé wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Nígbà tí ibẹ̀ kọjá, ó ń bá wa kọ ọ́ lọ.

Níbi tí a ti ń wọ ẹ̀wù òtútù, mo bi Ezra. Ó ní gbólóhùn yẹn ni wọ́n ti ń tọ́ka sí láti fi pa àwọn Júù láti ayébáyé. Òun fẹ́ràn orin náà gan-an. Gbólóhùn yẹn ni òun kì í kọ. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè."

Àlàmísì, 13 Máàṣì
Iṣẹ́. Sààrì. Iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ń ro mí.

Àtàláátà, 18 Máàṣì
Ohun ìyanu. Ọ̀kan nínú àwọn orin kéékèèké tó wà láàárín — mo mọ̀ ọ́n. A kọ ọ́ ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ní Abẹ́òkúta, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, lórí ìlà láàárọ̀. Ohùn orin máa ń gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wa wálẹ̀, a ó sì máa pe nǹkan tí a ò ní lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó bìkítà.

Mo sọ fún Amelie. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ohùn yẹn tó dé ṣọ́ọ̀ṣì rárá, orin ìfẹ́ ni, ti ọkùnrin kan tí ọmọbìnrin kan da ọkàn rẹ̀ rú.

Ohùn orin yẹn ti rìn jìnnà jù mí lọ.

Sátidé, 22 Máàṣì
Keller, yàrá abẹ́ ilé, ni mo ti ń kọ́ ọ báyìí, láàárín àwọn kẹ̀kẹ́. Dákẹ́ mọ̀.

Àláàdì, 30 Máàṣì
Ìtúnu àwẹ̀. A kírun, a jẹun, àlejò wá, wọ́n lọ. Mùyídéènì pe láti kí wa. Dákẹ́ na fóònù sí mi. Mùyídéènì ní, "Ìyàwó wa, báwo ni ẹ̀gbọ́n mi?" Mo ní wọ́n wà.

Nígbà tí ilé dá, mo jókòó níwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Fàthíà, bí ẹ ò bá fẹ́ kí n lọ Hamburg, ẹ sọ ọ́." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní kí o má lọ. Èmi ò kàn ní wọlé. Màá dúró dè ọ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ní Hauptbahnhof." Ó kó àwo lọ fọ̀.

Àtàláátà, 15 Épírì
Ìdánrawò ìkẹyìn. Mo ti pinnu. Ìtàn ni, màá sọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Gbólóhùn Ezra nìkan ni mi ò ní kọ.

Jímọ̀, 18 Épírì
Nínú ọkọ̀ ojú irin. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Spandau, létí Berlin. Òjò. Ezra ń jẹ ápù, àwọn tó kù ń wo ìwé bí ọmọ ìdánwò.

Sátidé, 19 Épírì, yàrá Bádárù ní Wilhelmsburg, Hamburg
Ó lọ dáadáa, alhamdulillahi. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ibi tí pásítọ̀ ì bá ti wàásù, kọfí ni wọ́n tà. Níbi ẹ̀jẹ̀, ẹnu Ezra pa dé, tèmi náà pa dé. Ó wẹ̀yìn, ó rí mi. Ìyẹn tó.

Orin ìkẹyìn, gbogbo wa la jọ kọ ọ́: àwọn èèyàn jókòó sẹ́bàá sàréè, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sọ fún òkú pé kó sinmi, kó rọra sùn. Mo gbójú sókè láti wo ọwọ́ Amelie. Lẹ́yìn gbogbo èèyàn, nítòsí ilẹ̀kùn, ọkùnrin kan dúró pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ Hafen. Ọkọ mi ni. Mo pàdánù ìlà kan gbáko.

Ó ní òjò ló lé òun wọlé.

A wọ ferí, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò. Afẹ́fẹ́ pọ̀, a dúró síta náà. Ó bi mí.

"Ibẹ̀ náà ló parí sí? Wọn ò jí i dìde?"

Mo ní rárá, ibi sàréè ni Bach parí ti ọjọ́ yẹn sí.

Ó mi orí. "Wọ́n rí i jókòó tì. Èmi ò rí Ìyá mi jókòó tì."

Mo ní, "Mo rò pé torí ẹ̀sìn ni ẹ ò ṣe fẹ́ kí n kọ ọ́ nílé."

"Ẹ̀sìn kọ́. Ìyá mi kú, o ń kọ orin òkú nínú ilé ìdáná. Bí mo bá gbọ́ ọ, àyà mi á fẹ́ já. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́."

Mo di apá rẹ̀ mú títí a fi gúnlẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí a kírun, òun fúnra rẹ̀ ló pe Mùyídéènì. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Sọ bí ẹ ṣe sin wọ́n fún mi. Má fo nǹkan kan."

Mùyídéènì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò fẹ́ gbọ́ tẹ́lẹ̀."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ báyìí."

Mùyídéènì bá sọ ọ́: àwọn obìnrin tó wẹ̀ wọ́n, aṣọ funfun, bí ọyẹ́ ti mú ilẹ̀ le tí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ fi ń gba ọkọ́ lọ́wọ́ ara wọn, èrò tó tẹ̀ lé wọn láti mọ́ṣáláṣí.

"Ta ló wọ inú sàréè gbà wọ́n?"

"Èmi àti Hanif ọmọ mi."

"Ṣé ẹ rọra tẹ́ wọn?"

"A rọra tẹ́ wọn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó tún bi í. Mùyídéènì tún dá a lóhùn. Nígbà náà ni ọkọ mi wá sunkún, fóònù wà létí rẹ̀, àbúrò rẹ̀ kò sì gbé tirẹ̀ sílẹ̀.